Ẹ Ka Iná Yín Kí Ẹ Tó Ra Sólà: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ìdílé Tó Ń Padà Sílé Lẹ́yìn Omíyalé

Ọ̀rọ̀ iná ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ nídìí tábìlì tí a ti ń pín nǹkan ni èyí: "Àǹtí, ṣé kí n fi owó ìrànwọ́ yìí ra jẹnẹrétọ̀ ni, àbí kí n fi ra sólà?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń béèrè ti bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ kó tó wá bá mi, ó sì ti ní iye owó kan lọ́kàn. Èsì mi kì í dùn mọ́ wọn nínú, nítorí ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: kí ni ẹ fẹ́ fi iná náà ṣe, wákàtí mélòó ni ẹ sì fẹ́ kó fi ṣe é?

Owó ìrànwọ́ yìí kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì máa fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fi ra ohun tí kò bá ìlò rẹ̀ mu, kò sí òmíràn lọ́wọ́ wa láti fi dípò. Mo ti rí i tí ìdílé kan ra ínfátà ńlá, tí kò wá ku owó tí wọ́n máa fi ra bátìrì gidi sí i. Inú òkùnkùn ni wọ́n ṣì wà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ínfátà náà sì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù bí ère.

Ohun tí omi ti wọ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ínfátà tàbí bátìrì tẹ́lẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń dunni tó láti ju ohun tí a fi owó àjọ ọdún kan rà nù. Ṣùgbọ́n ínfátà tí omi wọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sá sóòrùn kí a wá tàn án wò. Ẹrẹ̀ á ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, á sì ti so ibi tí kò yẹ kó kanra pọ̀. Ó lè gbaná, ó sì lè gbé ẹni tó bá fọwọ́ kan ara rẹ̀.

Bátìrì lithium tí omi wọ̀ léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é, kó wá gbaná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pàápàá. Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé, ẹ má sì ṣe gbé e wá sí gbọ̀ngán níbi tí àwọn ènìyàn ń sùn sí. Ẹ gbé e síta gbangba, kó jìnnà sí ògiri, sí mọ́tò àti sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, kí ẹ sì pè wá. Ní ti bátìrì olómi, ìyẹn oní-ásíìdì, ẹ má ṣe da omi inú rẹ̀ sí gọ́tà tàbí sí ẹ̀bá kànga. Ẹ má sì fọ́ ọ láti yọ òjé inú rẹ̀ tà. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, eruku rẹ̀ nìkan sì ti tó láti ṣe é. Odidi bátìrì náà ni kí ẹ tà fún àwọn tó ń rà á lódindi.

Ọ̀rọ̀ páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé yàtọ̀. Ìta la ṣe é fún, òjò kì í ṣe é ní nǹkan. Àmọ́ bó bá ti já wálẹ̀ tàbí tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, ẹ rántí pé páńẹ́ẹ̀lì kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí ojúmọ́ bá ti mọ́. Bí kò tilẹ̀ sí bátìrì tàbí ínfátà mọ́, iná ń bẹ lẹ́nu wáyà rẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó nípọn tàbí tàpólì dúdú bò ó lójú, kí ẹ dúró de oníṣẹ́.

Ní ti wáyà ilé, bí omi bá ti dé ibi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe tan iná ìjọba padà kí rewáyà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń tún un ṣe, ẹ ní kó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì ga ju àmì tí omi fi sára ògiri lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kun àmì yẹn ní ọ̀dà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Àwa tí à ń gbé ní ìpadò Odò Ògùn mọ̀ pé nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, omi náà mọ ọ̀nà ilé wa. Omi yóò tún dé. Ara àmì yẹn ni a ó ti máa ka gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí nípa ibi tí a ó gbé nǹkan sí.

Ìṣirò alẹ́ kan

Wáàtì ni ìwọ̀n bí ohun èlò kan ṣe ń jẹ iná sí. Ẹ fi wé ẹnu: ẹnu gílóòbù kéré, ẹnu áyọ́ọ̀nù tóbi. Wákàtí ni bó ṣe pẹ́ tó nídìí oúnjẹ. Tí ẹ bá mú wáàtì lọ́nà wákàtí, ẹ ó rí iye tó jẹ. Gílóòbù wáàtì 7 tó tàn fún wákàtí 5 jẹ 35. Bí gbogbo àròpọ̀ bá pé 1,000, yúnìtì kan nìyẹn, irú yúnìtì kan náà tí a ń rà sínú mítà.

Èmi àti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ìsìn, a sì ka tiwọn sórí ìwé. Gílóòbù 3, wáàtì 7 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 5: 105. Gílóòbù kékeré kan, wáàtì 3, tó máa tàn mọ́jú fún wákàtí 10 nítorí ìyá àgbà tó máa ń dìde lóru: 30. Fóònù 3, tí a bá ka 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 45. Fáànù kékeré tó ń lo iná bátìrì tààrà, wáàtì 20, wákàtí 8: 160. Rédíò, wáàtì 5, wákàtí 4: 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360.

Bàbá ilé náà wo ìwé náà, ó ní, "Kò ju báyìí lọ?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pé ìdajì yúnìtì kan fún alẹ́ tó dára: ọmọ ń kàwé, ẹ̀fọn kò rí ibi bà nítorí fáànù, fóònù wà lójúfò bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kìlọ̀ pé omi ń bọ̀. Ẹ wá fi kẹ́tùlù oníná wé e. Kẹ́tùlù ń jẹ wáàtì 2,000. Ìṣẹ́jú 6 péré tí a fi se omi tíì jẹ́ 200, ó ju ìdajì gbogbo iná alẹ́ ìdílé náà lọ. Nítorí náà, ẹ yọ ohunkóhun tó ń mú nǹkan gbóná kúrò nínú èrò sólà yín pátápátá: kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, sítóòfù oníná. Ẹ lo gáàsì tàbí èédú fún ìyẹn.

Màmá kan tó ń ta ẹja dídì gbọ́ ìṣirò yìí, ó sì bínú sí mi díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, gílóòbù kọ́ ló ń bọ́ mi. Bí fírísà ò bá ṣiṣẹ́, mi ò rí jẹ." Òótọ́ ni màmá sọ, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Fírísà kékeré lè jẹ yúnìtì kan sí yúnìtì kan ààbọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin ohun tí ìdílé yẹn ń lò. Bó bá sì fẹ́ gbéra, ó máa ń fa iná ní ìlọ́po mélòó kan iye tó wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ibẹ̀ ni ínfátà kékeré ti ń kú. Bátìrì tó máa gbé e mọ́jú á wọ́n ju fírísà fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà. Ẹ kún fírísà náà dẹ́nu. Bí ẹja kò bá kún un, ẹ fi ìgò omi kún àyè tó kù. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán nìkan, nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì ń bọ́ ọ tààrà, kí gbogbo rẹ̀ dì gbagidi. Nírọ̀lẹ́, ẹ pa á, ẹ bò ó ní aṣọ ìbora, ẹ má sì ṣí i títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Fírísà tó kún tó sì dì dáadáa, tí wọn kò ṣí, lè tọ́jú òtútù rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, nǹkan bí 24. Yìnyín ni bátìrì màmá yẹn nísinsìnyí. Oòrùn ọ̀sán ló kó pamọ́ sínú rẹ̀, kò sì ra bátìrì olówó ńlá kankan. Bátìrì kékeré kan tó kàn ń mú kí iná dúró dọ́gba bí ìkùukùu bá kọjá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú páńẹ́ẹ̀lì tó tó 600 wáàtì àti ínfátà tó lè gba ìgbéra fírísà. Òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn ló dáwó rẹ̀, wọ́n sì jọ ń kó ẹja sínú rẹ̀.

Láti orí ìwé dé orí òrùlé

Ẹ jẹ́ ká padà sí 360 ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà yẹn. Iná máa ń dànù lọ́nà, nínú wáyà, nínú bátìrì, nínú ínfátà. Nítorí náà mo máa ń fi ìdámẹ́ta kún un. Ó di 480. Ìyẹn ni páńẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mú wá lójoojúmọ́.

Oòrùn ilẹ̀ wa pọ̀, àmọ́ kì í ṣe bákan náà yíká ọdún. Bí a bá kó oòrùn òwúrọ̀ tí kò lágbára, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ pọ̀, tí a sọ gbogbo rẹ̀ di oòrùn ọ̀sán gangan, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn wa níbí ó máa ń tó wákàtí 4 sí 5 lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láàárín òjò, ní oṣù keje, oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án, ó lè má ju 3 lọ. Oníṣòwò á fi 5 ṣírò fún yín, torí pé páńẹ́ẹ̀lì tí yóò tà á kéré lówó létí. Ẹ̀yin, ẹ fi 3 ṣírò. Ìgbà òjò ni omi ń wọlé wa, ìgbà yẹn gan-an la sì nílò iná jù. 480 tí a pín sí 3 jẹ́ 160. Páńẹ́ẹ̀lì 200 wáàtì tó ìdílé náà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á ṣẹ́kù dáadáa, wọ́n á sì lè máa fi èyí tó ṣẹ́kù gba fóònù àwọn aládùúgbò sí iná.

Bátìrì wá ńkọ́? Ó yẹ kó lè gbé wọn fún alẹ́ méjì bí oòrùn kò bá yọ rárá láàárín: 360 lọ́nà 2, 720. Bátìrì oní-ásíìdì kò fẹ́ kí a lò ó kọjá ìdajì. Bí a bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, ọdún kan kò ní pé tó fi máa kú. Nítorí náà ẹ nílò 1,440, ìyẹn bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 120 áńpíà, nítorí 12 lọ́nà 120 jẹ́ 1,440. Ti lithium fàyè gba kí a lò tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. 900 ti tó, bátìrì 12 fóòtì, 100 áńpíà, á sì gbé e pẹ̀lú ìgbádùn. Lithium wọ́n lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè lò tó ọdún mẹ́wàá níbi tí ti ásíìdì á ti lo ọdún méjì sí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ owó èmi ni, lithium kékeré ni màá rà dípò ti ásíìdì ńlá. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdílé ni owó wọn lè tó o.

Láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, kọntirólà wà, ohun kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì kí ó má baà yó jù tàbí kí ebi má baà pa á jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì láìsí i. Ẹ sì ní kí wọ́n fi fíúsì sórí wáyà tó jáde lára bátìrì, ní tòsí bátìrì gan-an.

Páńẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọjú sí gúúsù, kó sì dẹ̀gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Kí òjìji igi máńgòrò tàbí táńkì omi aládùúgbò má ṣe bà lé e: òjìji tó bo igun kan ṣoṣo lè gba púpọ̀ nínú agbára gbogbo páńẹ́ẹ̀lì náà. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nù ún ní òwúrọ̀ kùtù, kó tó gbóná. Kí ẹ tó gbé e sókè, ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà wo igi òrùlé tí omi ti rẹ àti ògiri tó dì í mú. Páńẹ́ẹ̀lì ńlá kan lè wúwo ju 20 kílò lọ, atẹ́gùn sì máa ń gbé e bí ìgbà tó ń gbé ìgbòkun.

Ibi tí a ń gbé bátìrì sí

Àṣìṣe èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ níbí. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé sólà sí ọ̀kan nínú àwọn gbọ̀ngán wa, èmi ni mo yan ibi tí bátìrì máa wà. Mo wá yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́ nítorí olè, mo sì ní kí wọ́n to bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí wọ́n wúwo. Olè ni mo ń wò, n kò wo omi. Omi dé lóru, kò sì ju orúnkún lọ. Ó tó. Bátìrì mẹ́rin àti ínfátà kan lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ní alẹ́ tí àwọn ènìyàn ń wọ́ wá sí gbọ̀ngán náà fún ààbò, tí a nílò iná jù lọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ka orúkọ àwọn ọmọ.

Báyìí la ṣe ń ṣe é nísinsìnyí: a máa ń wọn àmì omi lára ògiri, a fi gígùn apá kan kún un, ibẹ̀ ni ìsàlẹ̀ pẹpẹ bátìrì máa ń bẹ̀rẹ̀. Irin tàbí igi tó le la fi ń ṣe pẹpẹ náà, ara ògiri bíríkì la sì ń dè é mọ́, a kì í dè é mọ́ ògiri alámọ̀. Bí bátìrì bá jẹ́ ti ásíìdì, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná lè bú gbàmù bí ó bá kan iná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé kándùlù tàbí sìgá dé ibẹ̀. Fún ìdílé tó ṣì wà ní ilé ìgbà díẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra irú èyí tí bátìrì, kọntirólà àti gílóòbù rẹ̀ wà nínú àpótí kan tó ṣeé gbé lọ́wọ́ kan. Bí wọ́n bá pariwo pé omi ń bọ̀, ẹ lè gbé ọmọ sẹ́yìn kí ẹ sì gbé àpótí náà dání.

Jẹnẹrétọ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀

N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kí ẹ sọ jẹnẹrétọ̀ nù. Bí oòrùn kò bá yọ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, òun ni ìgbẹ́kẹ̀lé kejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kó má ṣe jẹ́ àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó lítà epo bẹntiróòlù wà ní àyíká 200 náírà. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ẹ kọ iye tí ẹ ń ná sórí epo sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, láìfo ọjọ́ kankan, kí ẹ wá mú un lọ́nà 52. Àwọn kan nínú yín máa rí i pé owó páńẹ́ẹ̀lì ni ẹ ti ń sun láti ọdún yìí wá.

Jẹnẹrétọ̀ tó ń tan gílóòbù méjì péré ṣì ń mu epo púpọ̀ fún iṣẹ́ tó kéré. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tàn án, ẹ fún un níṣẹ́: ẹ fi gba bátìrì sí iná, ẹ fi fa omi, ẹ fi lọ aṣọ ọmọ iléèwé, láàárín wákàtí kan tàbí méjì, kí ẹ sì pa á. Bátìrì ni kó gbé yín mọ́jú.

Èéfín rẹ̀ ni mo bẹ̀ yín lé lórí. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀, carbon monoxide, tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì rí. Ó máa ń pa ènìyàn lójú oorun. Mo mọ̀ pé lẹ́yìn omíyalé olè pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí kíṣìnì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bí gbogbo fèrèsé tilẹ̀ ṣí. Kó wà níta, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé, ti yín àti ti aládùúgbò. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì sì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má rò ó sí ibà. Ẹ jáde síta kíá.

Ẹ má sì ṣe fi wáyà olórí méjì ki iná jẹnẹrétọ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé. Iná náà máa ń jáde padà sórí òpó, ó sì lè pa òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà àdúgbò yín ṣe, tó rò pé iná kò sí. Súwíìṣì tó ń yí iná padà láti ti ìjọba sí ti jẹnẹrétọ̀ kò wọ́n tó ẹ̀mí ènìyàn.

Bí a bá jọ ní in

Ní abúlé Gbamu-Gbamu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n gbé iná alájọlò kalẹ̀ ní ọdún 2018: páńẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ kílówáàtì 85, bátìrì tó ń gbé wọn lálẹ́, àti jẹnẹrétọ̀ díísù tó ń dúró bí oòrùn kò bá tó. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti ń sọ nìyẹn, bí ó ti tóbi tó láti gbé odindi abúlé. Kò sí ìdí tí agbo ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún kò fi lè ṣe kékeré rẹ̀. Gbogbo ìdílé kì í lo iná lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì àjọní kan máa ń pẹ́, ó sì máa ń dínwó ju kékeré márùn-ún lọ.

Ohun tó máa ń ba irú rẹ̀ jẹ́ kì í sábà jẹ́ oòrùn. Kọ́kọ́rọ́ ni. Ta ló ni í lọ́wọ́? Ta ló lè fi áyọ́ọ̀nù sí i nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò? Ta ló máa san owó bátìrì tuntun bí èyí bá gbó? Kí ẹ tó dáwó, ẹ kọ ìdáhùn sórí ìwé, kí gbogbo olórí ìdílé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó kékeré lóṣooṣù sínú àjọ bátìrì láti oṣù kìíní. Àwọn tó sọ pé "a jẹ́ ọmọ ìyá, kò yẹ ká kọ ìwé" ni ìjà wọn máa ń dé tábìlì mi.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gun òrùlé rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ pé ohun tí ẹ gbé síbẹ̀ jẹ́ tiyín, pé ẹ lè tú u bí ẹ bá ń kó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá gba owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín nítorí páńẹ́ẹ̀lì orí ilé, ẹ má san án. Òfin iná mọ̀nàmọ́ná ti ọdún 2023 kò béèrè láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹni tí iná tó ń pèsè ní ojúlé rẹ̀ kò ju mẹ́gáwáàtì kan lọ, ẹ kò sì lè súnmọ́ ìyẹn láéláé.

Bí ẹ bá ń rà, ẹ mú téèpù ìwọ̀n lọ́wọ́. Páńẹ́ẹ̀lì tó dára tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó máa ń mú nǹkan bí 200 wáàtì wá lọ́sàn-án gangan. Bí wọ́n bá nawọ́ èyí tí kò ju fèrèsé kékeré lọ sí yín, tí wọ́n lẹ 300 mọ́ ọn lẹ́yìn, irọ́ ni. Ẹ yẹra fún bátìrì tòkúnbọ̀, ẹ gba rìsíìtì àti ìwé ìdánilójú, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣòwò tàn án fún yín lójú ara yín kí ẹ tó sanwó tó kù.

Fọ́ọ̀mù ìṣirò wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹ kọ ohun èlò yín síbẹ̀, wáàtì rẹ̀, wákàtí rẹ̀, àti bí àmì omi ṣe ga tó lára ògiri yín. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́, tàbí kó wá bá wa kí a jọ kọ ọ́. Ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ìrànwọ́ ní gbọ̀ngán ìjọ kí ẹ tó gba owó yín. Rewáyà wa máa jókòó pẹ̀lú mi láti bá yín wò ó, kò sì sí owó kankan tí ẹ máa san fún ìyẹn.